Ta Ni Aláìsàn Nínú Ẹ̀yin Méjèèjì?

Ẹ má bi mí léèrè pé ṣé ara le. Bẹ́ ẹ bá bi mí, irọ́ ni màá pa fún yín, irọ́ náà á sì dùn létí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Bí ibà ń gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì, tí ẹnìkan yọjú tó ní "Ṣé dáadáa ni?", wàá ní "Dáadáa ni, a dúpẹ́," wàá tún bi í pé àwọn ọmọ ńkọ́. Ìgbà tó bá lọ tán lo tó lè padà sórí ẹní rẹ kó o máa gbọ̀n lọ.

Ìwà yìí ni mo dì mọ́ ẹrù nígbà tí mo kúrò nílé. Abọ́ ike ni mò ń tà: bààfù, garawa, kọ́ọ̀pù, ajọ̀. Nígbà tí ọjà kú mọ́ mi lọ́wọ́ nílé, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá máa tà á ní Pòbẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo ní kí ló ṣòro níbẹ̀? Ṣebí Yorùbá kan náà ni. Háà! Ọjọ́ kìíní tí mo la ẹnu lọ́jà, àwọn obìnrin tó yí mi ká rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú rédíò. Mo ní ọsibítù, wọ́n ní lópítáàlì. Mo ní síkúùlù, wọ́n ní lekóòlù. Mo ní kí ẹnìkan bá mi wá ṣéńjì, ó ń wò mí bọ̀ọ̀, àfìgbà tí aládùúgbò mi ní mọ́nẹ̀ ni mò ń wá.

Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Nàìjíríà. "Nàìjíríà, eélòó ni garawa yìí?" "Nàìjíríà, sún ìsọ̀ rẹ sẹ́yìn!" Bí ẹni pé orí mi ni mo fi ru odindi orílẹ̀-èdè wá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n jalè ní Èkó, èmi ni wọ́n máa ń wá bi léèrè pé kí ló dé tá a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú àlàyé. Mo máa ń ní, "Ẹ má bínú, màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Wọ́n máa ń kí mi o, wọ́n kí mi kọjá bó ṣe yẹ. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú òòrùn, ẹ kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n kíkí ọ̀tọ̀, mímọni ọ̀tọ̀. Mo lè jókòó lọ́jà látàárọ̀ dalẹ́ kí gbogbo ayé kí mi, kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn, kó wá dà bíi pé n kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tún ju ìyẹn lọ: mo rí wọn, àwọn ni kò rí mi.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí mi ni onílé mi, Ìyá Àlàkẹ́. Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni, opó ni, epo pupa ló ń ṣe lẹ́yìn ilé, òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló sì ń sìn. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹyìn lọ. Èébú ni ìkíni rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbálẹ̀ àgbàlá, ó dúró tì mí, ó ní, "Báyìí lẹ ṣe máa ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀ ń gbá a, àbí ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́?" Inú bí mi débi pé mo tún gbogbo rẹ̀ gbá. Ó dé, ó wò ó, ó bu ọbẹ̀ wá fún mi. Bá a ṣe di ará ilé ara wa nìyẹn.

Nígbà òjò èṣí, ibà dá mi wó. N kò lè dìde. Ìyá Àlàkẹ́ ló gbé omi gbígbóná wọlé, tó tú mi sí ìhòòhò bí ọmọ tuntun, tó ń wẹ̀ mí, tó sì ń bú mi bó ṣe ń fi kànìnkànìn ha mí lẹ́yìn. "Wo egungun! Ṣé abọ́ ike lò ń jẹ ni?" Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ara mi yá. Màámi pè mí láti Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ yẹn, bó ṣe máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Ṣé ara le?" Mo ní, "Ara le, màámi."

Ibà lọ, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí kò lọ. Kókó kan ti yọ sí mi lábẹ́ ọmú òsì. Kò dùn mí. Láràárọ̀, kí n tó wẹ̀, màá fi ìka kàn án wò bóyá ó ti lọ. Ó wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ló mú àbúrò bàbá mi obìnrin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òun náà ní ara òun le títí ọjọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi, àmọ́ n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àlàkẹ́ ni mo kúkú gbé sórí. Òòyì ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń ro epo lórí iná, ó ṣàdédé ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sínú ìkòkò. Mo sáré dì í mú. Ó já ọwọ́ mi dànù, ó ní ilẹ̀ ló ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o! Ilẹ̀ gbẹ débi pé eruku ń sọ lẹ́sẹ̀ adìẹ. Mo ní, "Ìyá, ilẹ̀ wo?" Ó ní, "Ilẹ̀ ilé mi ni. Ó wù ú kó yọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan gun alùpùpù wọ Pòbẹ́, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn. Ó ń kéde pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ ní Sàkẹ́tẹ́, nínú lekóòlù kan báyìí, pé wọn ò ní gba kọ́bọ̀, pé tàwọn tálákà ni. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ni, tí wọ́n ń fi àkókò ìsinmi tiwọn ṣe é. Mo sáré wọlé. Mo ní, "Ìyá, ẹ múra, màá sìn yín lọ Sàkẹ́tẹ́." Mo ti múra àtibá a jà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ó dára. A jọ ń lọ." Ó yá a lára jù. Ó yẹ kí n ti fura.

Mo wọ ìró tó ti ṣá, nítorí wọ́n ní tàwọn tálákà ni, n kò fẹ́ kí wọ́n wò mí kí wọ́n ní kí n padà sídìí abọ́ mi. Ìyá Àlàkẹ́ jáde nínú aṣọ tí kò wọ̀ láti ìgbà tí Àlàkẹ́ ti ṣe ìgbéyàwó. Ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tìróò lójú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀dọ̀ dókítà lò ń lọ báyìí? Kí wọ́n lè sọ pé n kì í fún ọ lóúnjẹ?" Òun ló tọ̀nà. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù ní Sàkẹ́tẹ́, ẹni tó bá rí àgbàlá lekóòlù yẹn á ní ìkómọ ni. Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé Yoko wọ aṣọ òkè. Àwọn obìnrin wé gèlè. Bàbá kan gbé adìẹ dání fún dókítà, ẹlòmíràn gbé iṣu. Èmi nìkan ni mo jọ aláìsàn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan rí mi, àánú mi ṣe é, ó fà mí wá síwájú. Ìyá Àlàkẹ́ tẹ̀ lé mi bí ọba, ó ń júwọ́ sáwọn tá a fò kọjá.

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń wo èèyàn, wọ́n fi aṣọ ìtẹ́sùn pín in sí yàrá yàrá. Aṣọ ìtẹ́sùn kì í dí etí. Gbogbo ọ̀rọ̀ là ń gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì tá a jókòó sí. Dókítà obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ọmọ Fọ̀n ni, ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Nàgó ti kọ́ ọ ní Yorùbá, ó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá wọlé, á kúnlẹ̀. Á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?"

Ta ni ọmọ yóò kúnlẹ̀ fún, tó kí i dáadáa bẹ́ẹ̀, táá wá ní ara òun kò le? Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń dáhùn: "Ara le, ọmọ mi, a dúpẹ́."

"Kí ló ń ṣe yín, mà?"

"Kò sí nǹkan."

"Kí lẹ wá wá gbà?"

"Mo ní kí n wá kí yín ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwónára."

Wọ́n á fún un ní oògùn aràn, á jáde. Tó bá dé ìta, á wá máa fọwọ́ di ìdí mú, á máa kérora lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá kàn mí, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ń tan ọmọ náà jẹ. Ṣé ẹ fẹ́ kéèyàn dárúkọ àrùn tó wà lára rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí àrùn gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí orogún rẹ̀ náà sì gbọ́ lẹ́yìn aṣọ?

Ó kàn wá. Àwa méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, a jọ wọlé.

Dókítà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?"

Àwa méjèèjì ní, "Ara le, a dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ. "Ta ni aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo nawọ́ sí Ìyá Àlàkẹ́. Ìyá Àlàkẹ́ nawọ́ sí mi.

Mo ní, "Ìyá, ṣebí èmi ni mo sìn yín wá."

Ó ní, "Ìwọ wo? Èmi ni mo sìn ọ́ wá. Bi Àlàkẹ́. Mo sọ fún un kí n tó kúrò nílé."

"Dókítà, òòyì ló ń kọ́ wọn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú sínú epo gbígbóná. Wọn kì í sùn lóru. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sọ́bẹ̀, ẹran ọ̀sìn ò gbọdọ̀ lá a."

"Háà! Nàìjíríà! Ìwọ lò ń tú àṣírí mi báyìí? Nínú ilé mi lo wà o!"

"Ẹ sọ pé irọ́ ni."

Ìyá Àlàkẹ́ fò síwájú, gèlè rẹ̀ yẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, dókítà, bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ ọmú rẹ̀ òsì. Bi í! Láti ọjọ́ tí mo ti wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mi ti kàn án. Mo ń wò ó. Mo ní kó fúnra rẹ̀ sọ, kò sọ. Láràárọ̀ ló ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rò pé ihò kò sí lára ògiri balùwẹ̀ mi!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì ìta ti gbọ́. Ojú tì mí, ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Mo la ẹnu láti bú u. Ohun tó jáde ni ẹkún. Nígbà tí Ìyá Àlàkẹ́ rí i pé mò ń sunkún, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń bú mi lọ, "Aláìgbọ́n! Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Kí ni màá sọ fún ìyá rẹ?"

Dókítà wò mí jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò lè mọ ohun tó jẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, pé kí n lọ sí lópítáàlì ńlá ní Àjàṣẹ́ kíákíá, òun á bá mi bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àlàkẹ́. Ó tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ga débi pé dókítà ní kó má ṣe dìde mọ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo èmi àti ìyá náà. Ó ṣí aṣọ ìtẹ́sùn, ó jáde sáàárín ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ẹ máa wọlé ní méjì méjì. N kò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń ṣe é mọ́. Ẹnì kejì yín ni n óò bi."

Yéè! Ẹ wo ariwo! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wá ẹnì kejì! Ohun tó ti di sínú àwọn èèyàn yẹn láti ọdún mélòó kan tú jáde. Orogún méjì wọlé, ìyáálé sọ gbogbo tìyàwó, ìyàwó fa ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí ìyáálé yọ, ìyáálé ní ìyẹn ò kan dókítà, dókítà ní ó kàn án. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun ń wú ẹsẹ̀. Ìyàwó ní ẹni tó ń wú ẹsẹ̀ sàn ju ẹni tó ń mu ọtí sódàbì láàárọ̀ kó tó fọ ẹnu. Bẹ́ǹṣì ìta ń dá sí i, wọ́n ń ní, "Òótọ́ ni! Ó kù díẹ̀, sọ ọ́!" Àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n wá ń ṣe o. Oògùn tó tọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́.

Ó ku bàbá kan láti Yoko, òun tó gbé adìẹ wá. Kò ní ẹnì kejì. Ó jókòó, ó gbé adìẹ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kò burú, òun ò kúkú ní àìsàn. N kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo mọ ìjókòó yẹn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Pòbẹ́, ká ní dókítà yìí wá, ká ní ó ní kí n mú ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe mí wọlé, ta ni mo fẹ́ mú? Ẹni tó ń kí mi pọ̀, ẹni tó lè tú àṣírí mi kò sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní àjèjì gan-an nìyẹn.

Ẹni tó gba bàbá náà sílẹ̀ ni ọlọ́kadà tó gbé e wá, tó dúró lábẹ́ igi tó ń dúró de èrò. Ó pariwo láti ibẹ̀, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n bá wọn wọlé! Láti Yoko dé ibí, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ní kí n dúró káwọn tọ̀, tí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, n óò dúró títí, wọ́n ń kérora, kò ní jáde!" Bàbá náà fi adìẹ bojú. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́. Wọ́n wọlé pọ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tèmi tán síbẹ̀. Nígbà tá a délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bùrú. Mo ní ọjà pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó dìgbà tọ́dún bá yí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí wọ́n máa sọ fún mi ní Àjàṣẹ́, n kò ní lè gbé e. Ìyá Àlàkẹ́ kò bá mi jà. Ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sórí àga níwájú yàrá mi, ó ní, "Ọjọ́ tó o bá lọ ni n óò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀ẹ́ ṣubú o."

Ó ní, "A jọ máa ṣubú ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo pe Àlàkẹ́, Àlàkẹ́ náà bẹ̀ ẹ́. Ó yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń di ara rẹ̀ mú lára òpó kó tó lè dé ẹ̀yìnkùlé, oògùn rẹ̀ sì wà lórí àga níbẹ̀. Ìjà wo ni mo tún fẹ́ jà? Mo wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́. Ó bá mi lọ, ó gbé oògùn náà mì nínú takisí lójú mi, ó sì ní ó korò, pé èmi ni mo kó bá òun.

Wọ́n gé kókó náà kúrò. Wọ́n ní ká dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. N kò mọ bí mo ṣe gbé àwọn ọjọ́ yẹn. Mo ń ta abọ́, n kò mọ ohun tí mò ń tà. Mo ta ìdérí fún ẹnìkan láìsí garawa rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n ti gbọ́, nítorí gbogbo Sàkẹ́tẹ́ àti Pòbẹ́ ti gbọ́, ń wá jókòó tì mí ní ìsọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé ṣé ara le. Wọ́n kàn ń jókòó ni. Lẹ́yìn náà ni Àjàṣẹ́ pè: kì í ṣe èyí tó ń pani. Ó ti tán. Mo jókòó sáàárín bààfù, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, màámi pè. Ó ní, "Ṣé ara le?" Mo ní, "Ara le, màámi." Ìyá Àlàkẹ́ ń ṣa ẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó nu ọwọ́ epo sára ìró, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó fi í sórí sípíkà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ pátá, látorí ibà dórí abẹ. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ké, tó ń dúpẹ́, tó ń ṣépè fún mi, tó tún ń ṣàdúrà fún un. Ó pẹ́ kí ẹkún ibẹ̀ tó lọ sílẹ̀.

Ìyá Àlàkẹ́ wá ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìyá? Ṣé ara yín le?"

Màámi ní, "Ara le. A dúpẹ́."

Ìyá Àlàkẹ́ wò mí. Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀? Ẹ gbé fóònù fún un."

Ìyàwó àbúrò mi ló gbà á. Ó kọ́kọ́ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìyá Àlàkẹ́ ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi. Sọ gbogbo rẹ̀." Ó bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìyá ní ká má sọ fún yín. Ojú wọn òsì ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, ọ̀tún náà ti ń ṣú. Èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ nọ́ńbà yín lọ́jọ́ Àìkú."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyìn. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ìyá mi ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé irọ́ ni, pé ara òun le.